Oògùn Tí Waliyat Ń Dà Sí Gọ́tà

Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn Kúbúrá ní agboolé wọn ní Bẹ́yẹrúnká. Ọṣẹ dúdú ló gún títí orí rẹ̀ fi funfun, nígbà tó sì wà lágbára, bó bá ń polówó ọṣẹ bọ̀ láti Mápó, àwọn tó wà ní Ọjà'ba a ti máa na etí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, igbe ni ohùn náà dà. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́mú rẹ̀ ti ràn dé eegun ẹ̀yìn. Bó bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, á ké. Bí wọ́n bá gbé e jókòó kó lè tọ̀, á ké. Nígbà tó yá, bí ọmọ kan bá kàn fẹsẹ̀ gbá bẹ́ẹ̀dì lásán, igbe ni. Àwọn ará ilé a sì yí rédíò wọn sókè. Kì í ṣe pé wọn ò láàánú. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ti ju agbára etí lọ ni.

Waliyat, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, ló ń tọ́jú rẹ̀. Obìnrin náà ti lé lógójì ọdún, ó ti kúrò nílé ọkọ, aṣọ iléèwé ló sì ń rán lábẹ́ fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀. Bó bá ti gbọ́ igbe, á dá ẹ̀rọ dúró, á wọlé, á nu òógùn lójú ìyá rẹ̀, á ní, "Ẹ fara dà á, Màámi. Ó máa lọ."

Àwọn dókítà ti ní kò sí ohun tí àwọn tún lè gé tàbí kí àwọn jó. Wọ́n dá ìyá padà sílé, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́, Yéwándé, àgbà obìnrin tó ń gbé ní Òkè Padre, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti ilé dé ilé wo àwọn tí àìsàn wọn ti kọjá ìwòsàn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó yọ ìgò kékeré kan jáde nínú àpò, ó sì yọ síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn oògùn sẹ́nu ọmọdé.

"Ìlà kìíní ni kó o fà á dé," ó ní. "Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń ké kó o tó fún wọn."

"Kí lorúkọ rẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì?"

"Mọfíìnì ni."

Waliyat gba ìgò náà, ó yí i wò. "Ṣé òun àti tírámádọ̀ ò bá ara wọn tan?"

Yéwándé gbójú sókè. "Wọ́n tan. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Èyí tiẹ̀ lágbára jù ú lọ. Kí ló dé tó o fi bèèrè?"

"Mo kàn bèèrè ni."

Kò kàn bèèrè. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, sísá ni yóò sá. Misbaudeen ni ìyá wọn bí tẹ̀lé Waliyat. Búlọ́ọ̀kù ló ń rù níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló fún un ní tírámádọ̀ kan ṣoṣo, ó ní kó fi omi tutù gbé e mì. Ara tù ú, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó ru ẹrù ẹni méjì lọ́jọ́ náà. Ọdún kò yí po tí ẹyọ kan kò fi ràn án mọ́. Ó di méjì, ó di mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí kò bá rí i lò, á máa gbọ̀n, á máa yán, ikùn rẹ̀ á máa ṣàn, gbogbo eegun ara rẹ̀ á máa ro ó ju bó ṣe ń ro ó kó tó mọ tírámádọ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Waliyat ń ránṣọ lọ́wọ́. Ó gbọ́ híhanrun náà, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó jinlẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé àbúrò òun sùn dáadáa lọ́jọ́ kan. Ó tiẹ̀ lé àwọn ọmọ tó ń ṣeré jáde pé kí wọ́n má jí i. Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásàrí, ó lọ jí i kó lè ṣàlùwàlá. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù.

Yésúfù, ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ àkọ́bí, káfíńtà ní Ọ̀rányàn, ni Waliyat gbé ìgò oògùn náà hàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì gbé e wá. Yésúfù kò fọwọ́ kàn án.

"Ohun tó pa ọmọ," ó ní, "ṣé a ó wá fi pa ìyá ni?"

"Wọ́n ní ó máa mú ìrora náà lọ, Bùọ̀dá."

"Ó mú ti Misbaudeen náà lọ." Ó dìde. "Má bá nọ́ọ̀sì jà. Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kó o mọ ohun tó o máa ṣe sí i."

Ohun tí Waliyat ṣe sí i nìyí. Ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, á fa oògùn náà dé ìlà tí nọ́ọ̀sì wí, kí ìgò lè máa rẹlẹ̀ bó ṣe yẹ, á sì dà á sínú gọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà, á lọ parasítámọ̀ sínú omi, á fi síríǹjì kan náà fà á, á fi sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ìyá á gbé e mì, á ní, "Ó korò." Á di ojú rẹ̀, á máa retí. Ìrora kò lọ. Kúbúrá kò mọ̀ ju pé àìsàn òun ti kọjá ohun tí oògùn òyìnbó lè ṣe.

Nígbà tí Yéwándé padà wá, ó bá igbe lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ìgò sókè, ó rí i pé ó ti rẹlẹ̀. Ó bi Waliyat bóyá ìgbẹ́ ìyá ń le, nítorí pé mọfíìnì máa ń gbẹ inú. Waliyat ní ó ń le díẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé e dé ìlà kejì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, igbe náà ló tún bá. Ó jókòó ti Waliyat lórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà, ó ń nu òógùn ojú ara rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ rárá?" Waliyat bi í. Ó ń wá ohun tí yóò fi dá ara rẹ̀ láre ni. "Ibo ló máa ń lọ nínú ara?"

Ó bọ́ sí Yéwándé létí bí ìbéèrè ẹni tó fẹ́ mọ̀. "Ìrora tó wà ní eegun ìyá rẹ," ó ní, "kì í ṣe okùn kan gbọọrọ ló ń gbé e dé orí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan ló tò tẹ̀lé ara wọn. Wò ó báyìí: bí ẹni tó wà ní Bẹẹrẹ bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ rán sí Mápó, tí kò sì lè rìn, á ké sí ará ilé kejì, onítọ̀hún á ké sí ìkẹta. Àlàfo kékeré wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì. Èyí tó wà níwájú á tú omi kan sínú àlàfo náà. Omi yẹn á kan èyí tó wà lẹ́yìn, á ta gìrì, òun náà á tú tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ títí dé ọpọlọ. Ọpọlọ ló máa wá sọ pé, ó dùn mí."

"Mọfíìnì wá ńkọ́?"

"Ibùjókòó kan wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ọlọ́run ò dá a síbẹ̀ nítorí mọfíìnì. Ara wa máa ń ṣe oògùn ìrora tirẹ̀, díẹ̀ ni o. Òun ló ń jẹ́ kí ẹni tí mọ́tò gbá lè dìde kúrò lójú títì kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti kán. Òun ló ni ibùjókòó náà. Mọfíìnì jọ ọ́, ló fi rí ibẹ̀ jókòó sí. Bó bá ti jókòó, sẹ́ẹ̀lì iwájú ò ní lè tú omi rẹ̀ dáadáa mọ́, ti ẹ̀yìn á wúwo, kò ní tètè ta gìrì. Jẹjẹrẹ ò lọ ibì kankan o. Ìròyìn rẹ̀ ni kò délé."

"Bó bá wá pẹ́ níbẹ̀?"

"Sẹ́ẹ̀lì kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń pa á lẹ́nu mọ́ fún ìgbà pípẹ́, á kọ́ bí á ṣe máa pariwo ju ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi kún oògùn. Ohun tó ń ṣe ìyá rẹ náà nìyẹn, mo rò ó títí. Ara wọn ti mọ ìlà kejì lójú. Láti òní lọ, gbé e dé ìlà kẹrin."

Waliyat dúpẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, ó fa oògùn dé ìlà kẹrin, ó dà á sí gọ́tà.

Ọjọ́ kejì ni Kúbúrá kò ké mọ́. Ohùn ti lọ. Ó ki ẹnu ìró rẹ̀ bọnu, ó ń gé e jẹ, omi ń jáde lójú rẹ̀ láìsí ariwo kankan, dídákẹ́ náà sì burú fún Waliyat ju igbe lọ. Ó jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ yọ aṣọ lẹ́nu.

"Waliyat, kí n má purọ́ fún ọ," ó ní, ọ̀rọ̀ náà ń jáde wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ti ń jowú Misbaudeen."

Waliyat dìde, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìgò àti síríǹjì, ó sì dúró lórí gọ́tà náà bó ṣe máa ń dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kò dà á. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran; ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹkún nìkan ni Waliyat ń sun. Ìlà kẹrin ni nọ́ọ̀sì wí, ìlà kẹrin ló fà á dé. Kò wá sí i lọ́kàn pé ara tí nọ́ọ̀sì ń wọn oògùn fún kò tíì mọ ìlà kìíní. Ó wọlé, ó gbé orí ìyá rẹ̀ lé apá, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́nu.

Ìyá ní, "Ti òní korò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ojú tó ti fún pọ̀ láti ìgbà òjò fi tú. Kúbúrá na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ohun tí kò lè ṣe láti oṣù mélòó kan. Ó ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà tí wọ́n fi po ẹ̀kọ dé, ó ti sùn. Waliyat bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rọra jáde, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ìtùnú tó bá a kò ní orúkọ. Ó rán kọ́là kan, ó rán èkejì.

Ìgbà náà ló gbọ́ híhanrun láti ojú fèrèsé.

Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó jinlẹ̀. Àárín ọ̀kan àti èkejì ń gùn sí i. Aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ Waliyat. Ó sáré wọlé, ó mú ìyá rẹ̀ léjìká, ó mì í, ó pè é. Ìpéǹpéjú kò tiẹ̀ gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ kan tẹ fóònù, ó fi èkejì di ìyá rẹ̀ mú.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Màámi ń hanrun bíi ti Misbaudeen."

"Ta ni Misbaudeen? Rọra. Èwo lo fún wọn?"

"Ìlà kẹrin."

"Ìyẹn ò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ara wọn ti mọ̀ ọ́n láti…"

"Kò mọ̀ ọ́n," Waliyat ní. "Òní ni mo kọ́kọ́ fún wọn. Mo ti ń dà á nù."

Ohùn Yéwándé yí padà lójijì. "Gbé wọn jókòó. Má wo ti pé ó máa dùn wọ́n. Máa pè wọ́n, máa fi ìka họ wọ́n láyà, kí wọ́n máa mí. Bí wọ́n bá gbàgbé, rán wọn létí. Mò ń bọ̀."

Karimat, ìyàwó Yésúfù, ló bá a gbé e jókòó. Waliyat ń pè é, ó ń kì í, ó ń họ egungun àyà rẹ̀. "Màámi, ẹ mí. Ẹ tún mí." Ìyá á mí, á dákẹ́, wọ́n á tún pè é. Orí ọ̀kadà ni Yéwándé bá dé, ìbòrí rẹ̀ ti bọ́ sọ́rùn. Ó fọ́ ìgò abẹ́rẹ́ kan, ó wá iṣan lápá ìyá, ó ń tẹ oògùn náà sí i díẹ̀díẹ̀.

"Èyí á ti mọfíìnì dìde lórí ibùjókòó rẹ̀, á jókòó rọ́pò rẹ̀," ó ní láìgbójú sókè. "Ṣùgbọ́n kì í pa ìrora. Ẹ mú ọkàn yín le."

Kúbúrá fa èémí gígùn kan. Ètè rẹ̀ pọ́n padà. Ó lajú. Gbogbo ìròyìn tí kò délé láti ọ̀sán ló dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn tó ti lọ sì padà pẹ̀lú wọn. Igbe náà dé ojú títì. Nígbà tó rí àyè sọ̀rọ̀, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ni mo fi ṣe yín," ó ní, "tí ẹ fi pè mí padà?"

Yésúfù ti wọlé nígbà náà, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ ilé kan ló sáré lọ pè é. Ó bojú wo ìgò, ó bojú wo nọ́ọ̀sì. "Ohun tí mo sọ nìyí. Oògùn yìí ló pa ọmọ wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ni Yéwándé dáhùn. Àárẹ̀ ti mú un, kò ṣọ́ ẹnu rẹ̀. "Ká ní wọ́n ti ń fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ìlà kẹrin ò ní ṣe wọ́n ní nǹkankan. Èmi náà jẹ̀bi. Díẹ̀ ni Waliyat ní ìgbẹ́ wọn ń le, ó yẹ kí n fura, mi ò bèèrè lẹ́ẹ̀mejì."

"Dúró ná," ni Kúbúrá wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Oògùn tí wọ́n ti ń gbé wá láti ọjọ́ yìí, níbo ló lọ?"

"Gọ́tà, Màámi," ni Waliyat wí.

"Ta ló ní kó o dà á síbẹ̀?"

Waliyat wo Yésúfù. Yésúfù ń wo ilẹ̀. Waliyat dúró díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè sọ ọ́ bó bá fẹ́. Kò sọ ọ́.

"Èmi ni," ni Waliyat wí.

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. Kò bú u, kò sì ṣépè. "Ìwọ lò ń nu òógùn lójú mi," ó ní. "Ìwọ lò ń sọ pé kí n fara dà á." Ó yí ojú sí ara ògiri. Yíyí náà dùn ún débi pé ó ké, Waliyat sì na ọwọ́, ṣùgbọ́n ìyá ní kó má fọwọ́ kan òun.

Láti ọjọ́ náà, Karimat ni Kúbúrá gbà kó máa fún un ní oògùn. Ìlà kìíní ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n gbé e dé ìlà kejì, ó sì tó. Kúbúrá ń jókòó ti ìrọ̀rí. Ó ń mu ẹ̀kọ. Ó ń kírun níjòókòó. Ó tiẹ̀ ń rí ẹnu bá àwọn obìnrin ilé wí pé ọṣẹ tí wọ́n ń gún kò dá. Waliyat ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ. Bó bá wọlé gbá ilẹ̀, ìyá á dákẹ́ títí á fi jáde. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé ó ń fojú ara rẹ̀ rí bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá ì bá ti rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Yéwándé wá bó ṣe máa ń wá. Ojú fèrèsé ṣí sílẹ̀, Waliyat sì ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán ẹnu aṣọ, kò tẹ ẹ̀rọ.

"Nọ́ọ̀sì," ni Kúbúrá wí nínú yàrá, "ọmọ mi Misbaudeen, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó jẹ̀rora kó tó kú?"

"Rárá, Mama. Ibùjókòó kan wà tí oògùn yìí máa ń jókòó sí nínú ara, kì í ṣe ọ̀nà ìrora nìkan ló wà. Ó wà ní ìdí ọpọlọ, lápá ibi tí orí ti bá ọrùn pàdé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn ló ń sọ fún àyà pé kó mí. Bí a bá sùn, àwọn kì í sùn. Bí èémí burúkú bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ló ń fura. Bí oògùn bá pọ̀, á jókòó lórí tiwọn náà. Wọ́n á wúwo. Wọn ò ní fura mọ́. Ẹni tó yẹ kó pariwo pé ewu dé, òun náà ló sùn lọ. Ọmọ yín ò mọ nǹkankan."

Kúbúrá tún bi í. "Bí ẹnì kan bá jí i ńkọ́? Bí ẹ ṣe ní kí wọ́n ṣe fún mi."

"Ó ṣeé ṣe kó yè é, Mama."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà," ni Kúbúrá wí. Bẹ́ẹ̀dì dún, bí ẹni pé ó sún mọ́ nọ́ọ̀sì, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ẹ má sọ ọ́ fún Waliyat."

Abẹ́rẹ́ gún Waliyat lọ́wọ́, kò mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kan kọ́là aṣọ ọlọ́mọ. Ó jókòó síbẹ̀. Nígbà tí Yéwándé jáde, ó kí i pé ó dàbọ̀, Waliyat sì dáhùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wọlé, ó kúnlẹ̀ nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá jẹ́ kó fọ̀ ọ́. Kò sọ̀rọ̀, kò sì fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí di ọjọ́ Túsìdé tí Kúbúrá kú, lẹ́yìn ìrun àyílà, pẹ̀lú èémí tó ń fà sẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí omi odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí Karimat sì ń ka kálímà sí i létí.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, obìnrin ilé kan ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé oògùn tó pa ọmọ ló padà wá pa ìyá. Waliyat gbọ́ ọ. "Jẹjẹrẹ ló pa wọ́n," ó ní. "Oògùn ló jẹ́ kí wọ́n rí ẹnu bá wa sọ̀rọ̀." Yésúfù wà nítòsí. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ wo àwọn tó ń kó àga.

Iṣẹ́ ìwọlé iléèwé pọ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn náà, Waliyat sì ń rán an. Ṣùgbọ́n kì í lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lọ́sàn-án nílé náà mọ́. Bí ọmọ bá dùbúlẹ̀, á lọ fọwọ́ kàn án. Bí àlejò bá tòògbé lórí àga, á wá nǹkan bi í. Àwọn kan ń kùn, àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, Karimat sùn lọ sórí ẹní ní ẹ̀bá ìloro, ó ń hanrun díẹ̀. Waliyat fi aṣọ sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ tì í, ó fọwọ́ bà á léjìká. Karimat lajú. Ó rí ẹni tó jí i, kò sì kùn.

"Mò ń mí, Àǹtí," ó ní.

Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ẹní náà kí Waliyat lè rí àyè jókòó.